Orúkọ Tí Ọ̀gá Mi Yí Padà

Ọ̀gá mi kò tíì bẹ̀ mí títí di òní, mi ò sì retí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mò ń pè é ní "ó" nínú ìwé yìí. Níwájú rẹ̀, "wọ́n" ni, "ẹ" ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti ń ṣiṣẹ́, àwa méjì, nínú yàrá kan lókè ilé ìtajà. A máa ń bá àwọn ilé-ìwé tọ́jú èsì ìdánwò àwọn ọmọ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà àyálò tó wà lókè òkun, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fojú rí rí. Nígbà tí mo débẹ̀, ọwọ́ ni ọ̀gá fi ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí méjì tó jọra. Èmi ni mo jókòó kọ bátànì kan, bí páálí tí télọ̀ máa ń gé kó tó gé aṣọ. Kọ orúkọ ilé-ìwé sí i, kọ bí sáfà ṣe máa tóbi tó, bátànì á gbé e dìde kí o tó mu omi tán. Mo sì kọ ìkìlọ̀ sókè fáìlì náà pé: Ẹ má yí orúkọ padà. Orúkọ ni bátànì fi mọ sáfà. Bí ẹ bá yí i, yóò wó ti àtijọ́, yóò sì kọ́ òfìfo tuntun.

Màmá kan tó ní ilé-ìwé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá joyè nínú ìjọ wọn, wọ́n sì yí orúkọ ilé-ìwé náà padà kí oyè náà lè wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí sáfà gba orúkọ tuntun lọ́jọ́ náà gan-an, kí Màmá má baà rò pé a rí wọn fín.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó èsì inú rẹ̀ síbòmíràn, sà."

"Ṣé èèyàn máa ń kú tó bá yí orúkọ padà ni? Ìyàwó mi yí tirẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó ṣì ń jẹun."

Mo jáde lọ jẹun ọ̀sán. Kí n tó dé, ó ti yí i. Bátànì bi í léèrè pé òun máa pa ọ̀kan rẹ́, òun máa kọ́ ọ̀kan, ṣé ó gbà? Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹ̀dà tó yẹ kó wà níbòmíràn ńkọ́? Òun náà ló ní kí n fi sínú sáfà kan náà. Èsì ọdún kan gbáko lọ.

Iṣẹ́ kan ti ń dúró dè mí ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan ló kù. Ó mọ̀.

"Bá mi gbé ẹ̀bi náà," ó ní. "Ọmọdé ni ọ́, wọ́n á dárí jì ọ́ kíá. Tí a bá ti dé, màá kọ lẹ́tà rẹ."

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ Màmá.

"Ìwọ lo yí i?"

"Èmi ni, mà."

"O ò lè kàwé ni?"

Ọ̀gá gbà á lẹ́nu mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Ìkánjú ni. Mo sọ fún un, kò gbọ́."

Ìyẹn kò sí nínú àdéhùn wa.

Màmá ní àwọn ti dárí jì mí, wọ́n wá kọjú sí ọ̀gá. "Ṣùgbọ́n ìwé máàkì àwọn tíṣà ń bẹ nínú yàrá ẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá tẹ gbogbo rẹ̀ padà sínú sáfà níbí. Tí mo bá rí ẹlòmíràn, mo kó iṣẹ́ mi lọ nìyẹn."

Kí n tó dìde nílẹ̀, ọ̀gá ti ní, "Ó ti gbọ́, mà."

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo béèrè lẹ́tà mi.

"Lẹ́tà wo? Tí o bá lọ, ta ni Màmá fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ìbàdàn ti gba ẹlòmíràn. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo wà ní gbogbo Sátidé, mò ń tẹ máàkì, kíláàsì mẹ́rin ló sì kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá gbé iṣu àti ẹyin wá fún mi, wọ́n dúró wò mí títí.

"Ọ̀gá rẹ mà ṣe dáadáa o," wọ́n ní. "Ẹlòmíràn ì bá ti lé ọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."