Irúgbìn Tí A Sè Jẹ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mi ò tíì lè dá ru igbá omi, ọkà bàbà ilé wa ga ju òrùlé lọ. Bí ẹ bá wọ àárín rẹ̀ ní oko bàbá mi ní Kabba níbí, ọ̀run nìkan ni ẹ ó máa rí. Pupa ni, ó sì korò díẹ̀ bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní tútù, ìyẹn ni ẹyẹ kì í fi í yọjú sí i. Òjò tó bá pẹ́ kì í bà á jẹ́. Pòròpórò rẹ̀ la fi ń ṣọgbà, òun náà la fi ń dáná. Bàbá mi jogún irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìkórè, àwọn olùkọ́ ohun ọ̀gbìn dé láti yunifásítì. Wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ jọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìròyìn ayọ̀ ni àwọn mú wá. Wọ́n ti rí ọkà bàbà tuntun: kúkúrú ni, funfun ni, kì í pẹ́ gbó, ìjọba sì ti yìn wọ́n lórí rẹ̀. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìhà Ògìdì, ohùn rẹ̀ tutù. Ó gbé orí ọkà tiwa sí bàbá mi lọ́wọ́ kan, ó gbé tirẹ̀ sí ọwọ́ kejì.

“Bàbá, èwo ló wúwo?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Tìrẹ ni, ọmọ mi.”

Olùkọ́ fi orí ọkà tiwa sínú àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbin méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má bàa dàpọ̀. Nígbà tí a délé, ìyá mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìdajì oko sí fún tiwa.” Bàbá mi ní òun ti fọwọ́ sí i. Ìyá mi ò jiyàn. Ó di orí ọkà díẹ̀ ní ìdì kan, ó so ó rọ̀ sókè ààrò, níbi tí èéfín kò ti ní jẹ́ kí kòkòrò mú un. Bàbá mi lẹ́nu láàrin àwọn àgbẹ̀, nítorí náà àwọn ará àdúgbò tẹ̀ lé e. Ọkà pupa tó wà nílé olúkúlùkù, wọ́n jẹ ẹ́ tán, ìyókù di títà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkà tuntun náà dára lójú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wá fi okùn wọ̀n ọ́n, wọ́n ya bàbá mi ní fọ́tò láàrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbó kí òjò tó dáwọ́ dúró. Òjò ń pa á lórí ìdúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí bu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gà dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nítorí adùn rẹ̀. Èmi àti ìyá mi ń lé wọn láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ohùn wa há. Nígbà tí a ó fi kórè, orí ọkà ti dà bí ìgbálẹ̀.

Olùkọ́ náà wá. Ó dúró létí oko, ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Bàbá, àwọ̀n la fi bò ó ní oko tiwa nílé ìwé. Mi ò rò ó débẹ̀.”

“A ò ní àwọ̀n níbí,” ni bàbá mi wí. Kò bú u. Olùkọ́ gbé ìdajì àpò ìrẹsì wá láti ilé ara rẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe ju ìyẹn lọ?

Ìyàn mú. Iṣu tuntun ṣì jìnnà, àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sì sunkún títí kò fi lóhùn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi na ọwọ́ sókè ààrò, ó tú ìdì náà.

Bàbá mi ní, “Irúgbìn ni o.”

“Mo mọ̀. Ọmọ sì nìyí.”

Ó pa á, ó lọ̀ ọ́, ó fi ṣe ògì. Bàbá mi kọ̀, kò fi kan ẹnu. Èmi jẹ, mo sì lá abọ́ náà. Títí dòní mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó o. Àbúrò mi yè. Ó ti darúgbó sí ìlú òkèèrè báyìí, kò sì mọ ohun tó jẹ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ dé Ẹ̀júkù, ó dé Makutu, ó ń wá irú ọkà náà. Ó rí pupa mìíràn, kò rí tiwa. Ó gbin ẹ̀gẹ́ títí ó fi kú.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka ohun ọ̀gbìn yunifásítì yẹn wá kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wa: “Okun o, Màmá.” Ó fi hàn mí lórí fóònù bí wọ́n ṣe fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ nítorí àwọn irúgbìn àtijọ́ tí wọ́n ń kó jọ. Ó ti rí ọkà bàbá mi nínú ìwé tí olùkọ́ tó wá bá bàbá mi nígbà yẹn kọ: ẹyẹ kì í jẹ ẹ́, òjò kì í bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn.

“Màmá, bó ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan péré.”

Mo bi í bóyá olùkọ́ náà ò tọ́jú èyí tó gbà lọ́wọ́ wa. Ó ní òun ti wá gbogbo ibẹ̀, ìwé nìkan ló kù. Mo wá sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Ó mú bírò, ó bi mí ohun tí òun máa kọ.

Mo ní, “Kọ ọ́ pé a jẹ ẹ́.”

Ó fẹ́ kí n mú òun lọ wo oko náà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Àwọn ajínigbé ló ni ọ̀nà ibẹ̀ báyìí, ẹ̀yìnkùlé la ń dá oko sí. Nígbà tiwa, ebi ló ń lé wa lọ sóko. Lónìí, ẹ̀rù ló ń lé yín kúrò níbẹ̀, ọkà tí a ń jẹ ní Kabba, ọkọ̀ ló ń kó o wá láti òkè Hausa. Mo ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn yunifásítì tún ti rí irúgbìn tuntun. Inú mi kì í bàjẹ́ sí wọn, ire ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbìn ín, níbo sì ni? Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà àbáyọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti wá a títí, mi ò rí i.