Ọwọ́ Tí A Kò Nà Sókè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ẹ máa ń dúró dè mí lẹ́yìn iṣẹ́ níbí ní Ìkìrun láti bi mí ní ọ̀nà Ìlú Ọba, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́. Àìsàn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni, àwọn ilé-ìwé lọ́hùn-ún sì ń wá olùkọ́ físíìsì àti ìṣirò lójú méjèèjì. Ìgbà náà ni mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Òkukù. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, mo bá kó àwọn méjèèjì ti àbúrò mi obìnrin ní Inísà, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Mo ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ kí n tó lọ. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ olùkọ́ tuntun ni mo ti ń tẹ̀ lé àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ sípàdé, níkẹyìn èmi náà di akọ̀wé ẹ̀ka wa. Bí a bá daṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo máa ń gun ọ̀kadà láti Ìkìrun dé Òkukù, láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, kí n lè rí i pé ẹnikẹ́ni kò yọ́ wọ kíláàsì. Òòrùn á pa wá, ebi á pa wá, a ó jókòó sábẹ́ igi, a ó máa kọrin. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ọ̀nà tí ọ̀gá fi ń ṣẹ́gun òṣìṣẹ́. Èrò yẹn ni mo gbé dé ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba inú ẹ̀wù òtútù wọlé sí èèyàn lára bíi pé kò wọ nǹkan kan.

Àwa méjì ni a ti agbègbè yìí wá sí ilé-ìwé náà. Ẹnì kejì mi ni Láyí, ọmọ Igbáyè, olùkọ́ ìṣirò tí a ti jọ ṣiṣẹ́ rí ní Òkukù. Ó kéré sí mi dáadáa, Àǹtí ló sì ń pè mí. Ìyàwó rẹ̀, Dúpẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a ni, oyún sì ti wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ń se ọbẹ̀ pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n rẹ́ǹtì, Dúpẹ́ á máa fi wá rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń bú òtútù. Inú wa dùn nígbà yẹn. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ló korò.

Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wa pẹ̀lú ilé-ìwé náà. Ọdún kìíní kò tíì pé tí ọ̀gá ilé-ìwé fi pè mí sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo. Ó po tíì fún mi kó tó sọ̀rọ̀.

"Bọ́lá," ó ní, "inú mi kò dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn ọmọ tó ń wọlé sí wa ti dín kù. Àwọn olùkọ́ tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ."

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Àdéhùn náà fàyè gbà á."

"Ṣé iṣẹ́ mi ni kò dára?"

"Rárá o. Iṣẹ́ rẹ dára gan-an ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ."

Èyí ló dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan tí n ó bá a jà lé lórí. Tíì yẹn wà níwájú mi títí ó fi tutù. Mo ń ro físà mi tó so mọ́ ilé-ìwé náà: bí iṣẹ́ bá ti bọ́, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ìjọba wọn yóò fún mi láti rí ilé-ìwé mìíràn tí yóò gbà mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa lọ sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n sọ ohun kan náà fún Láyí.

Obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ni aṣojú ẹgbẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Hẹ́lẹ́nì lorúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó pè wá jókòó, ó ní àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní olú iléeṣẹ́ wọn kò ní dá sí i àfi bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ìwé náà bá kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé àwọn fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wa.

"Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn," ó ní. "Àmọ́ bí ẹ̀yin méjèèjì bá dúró, ojú á tì wọ́n láti jókòó. Bí ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn bá yẹsẹ̀, ó ti parí nìyẹn."

Láyí wò mí. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ irú èyí. Ibi tí ẹ bá ní ká gbà la ó gbà."

A jọ pinnu ohun tí oníkálukú yóò sọ. Èmi yóò sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn, òun yóò sọ ti Dúpẹ́ àti ọmọ tó ń bọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìyẹn ni yóò wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, yàrá àwọn olùkọ́ kún. Hẹ́lẹ́nì sọ tirẹ̀. Mo sọ tèmi lórí àdéhùn. Mo rí i tí àwọn kan ń mi orí, tí obìnrin tó ń kọ́ orin ń nu ojú. Mo wá jókòó, Láyí sì dìde.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wá," ó ní. "Àmọ́ lójú tèmi, kò yẹ ká mú ọ̀gá bínú. Ẹ jẹ́ ká fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn sọ ọ́ ná."

Ó jókòó. Kò wo ibi tí mo wà.

N kò ní gbàgbé bí ara ṣe tu àwọn ènìyàn nínú yàrá yẹn. Àwọn tí ojú ti ń tì bẹ̀rẹ̀ sí mí kanlẹ̀. Ẹnì kan ní bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá lè sọ báyìí, ta ni àwọn láti gba ẹjọ́ rò? Nígbà tí Hẹ́lẹ́nì ní kí wọ́n nawọ́, ọwọ́ tó gòkè kò tó nǹkan. Mo yíjú sí Láyí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò ṣòkòtò.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo bá a ní ibùdókọ̀.

"Láyí, kí lo ṣe yẹn?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"N kò ní kó o bẹ̀ mí. Mo ní kí lo ṣe?"

"Ọ̀gá pè mí lánàá. Wọ́n ní bí kò bá ti sí ariwo, àyè á ṣẹ́ kù fún ẹnì kan."

"Fún ẹnì kan wo?"

Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ti òjò nìkan ni.

"Àǹtí, oyún Dúpẹ́ ti gbó. Níbo ni kí n gbé e gbà?"

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kún ẹnu mi, irú èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ yọ́ wọ kíláàsì ní Òkukù. N kò lè sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì dé, a jọ wọ̀ ọ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn, èmi jókòó níwájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ mi parí, èmi àti Hẹ́lẹ́nì dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú páálí tí a kọ ọ̀rọ̀ sí. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró tì wá. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí kì í dáhùn ìbéèrè rárá bí mo bá ń kọ́ wọn. Òun ló pariwo jù lọ. Òbí kan fun fèrè ọkọ̀ láti kí wa, ó sì wakọ̀ lọ. Ọ̀gá jáde wá tòun ti agbòjò, ó nà án sí mi.

"Gbà á, Bọ́lá. Òtútù á mú ọ."

"Iṣẹ́ mi ni kẹ́ ẹ dá padà fún mi," mo ní.

N kò gba agbòjò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé. Agogo lù, àwọn ọmọ wọlé tẹ̀ lé e. Ó ku èmi àti Hẹ́lẹ́nì.

N kò rí ilé-ìwé mìíràn gbà mí. Mo padà sílé. Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ náà máa parí, ọ̀gá pe Láyí, ó po tíì fún òun náà. Dúpẹ́ ti bímọ nígbà yẹn. Wọ́n kó kúrò ní ìlú náà, n kò mọ ibi tí wọ́n kó lọ. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní òun ń fọ ilẹ̀ níbì kan tí wọn kì í ti í béèrè ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé." Láti ìgbà náà, nọ́ńbà yẹn kò lọ mọ́.

Nígbà tí mo dé Inísà, àbúrò mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìsinmi ni mo wá. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Pásítọ̀ wa ní kí n gbààwẹ̀ nítorí àwọn ọ̀tá ilé bàbá mi. Mo ní, "Ẹ̀yin Pásítọ̀, kì í ṣe ọ̀tá ilé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni." Wọ́n wò mí bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ń yẹ̀. Mo lọ béèrè iṣẹ́ mi àtijọ́. Ọmọdébìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o, mà." Òótọ́ ló sọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà pẹ̀lú yín ní ilé-ìwé aládàáni yìí, níbi tí wọ́n ti lè lé olùkọ́ lónìí tí kò sì ní dé mọ́ lọ́la. Nígbà tí mo ní ká dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ rántí èsì tí ẹ fún mi. Ẹ ní, "Àǹtí, a ò ní pẹ́ níbí, a ti ń lọ." Gbogbo yín lẹ ti fẹsẹ̀ kan sọ́nà. Ta ni yóò wá jà fún ibi tí gbogbo èèyàn ti fẹ́ kúrò? Ẹ ó sì dé ọ̀hún, ẹ ó bá a pé ibẹ̀ kì í ṣe tiyín débi tí ẹ ó fi jà fún un.

Ẹ bi mí pé kí ni a jèrè. Hẹ́lẹ́nì ní wọn kì í dá olùkọ́ dúró mọ́ níbẹ̀ láìkọ́kọ́ pe ẹgbẹ́ sí ìjókòó. Ó dára fún àwọn tó ṣẹ́ kù. Àwa kò sí nínú wọn. Ohun tí a pàdánù, ẹ ti gbọ́ ọ. Mo ti gbìyànjú láti bínú sí Láyí, n kò rí ìbínú náà mú dúró. Ọ̀gá yẹn kò lu ẹnikẹ́ni, kò sì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ìrètí díẹ̀ han ẹnì kan ni, gbogbo wa sì túká.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Láyí ti Igbáyè wá bá mi nílé. Wọ́n ti gbọ́ lọ́jà Inísà pé ìsinmi mi ti fẹ́ parí. Wọ́n gbé àpò èlùbọ́ kan dání, wọ́n ti dì í dáadáa.

"Ẹ bá mi gbé e fún Láyí," wọ́n ní. "Ẹ sọ fún un pé mo ti gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ bímọ. Kó jọ̀ọ́ kó pè mí, kí n gbọ́ ohùn ọmọ náà."

"Màmá," mo ní, "n kò padà lọ mọ́. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n wò mí lójú, n kò gbé ojú kúrò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," wọ́n ní. "Láyí mi náà ńkọ́?"

Mo rántí ohun tí Láyí bẹ̀ mí lórí fóònù, pé kí wọ́n má gbọ́ nílé. Mo dìde, mo lọ bu omi wá fún wọn. Nígbà tó yá wọ́n fa àpò èlùbọ́ náà sún mọ́ ara wọn, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì fọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra.