Ọmọbìnrin Ọba Tí Kò Gbọdọ̀ Bojú Wẹ̀yìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, ìyá àgbàlagbà kan tó wá láti Japan ló ń gbé ilé tó kángun sí tiwa. Iṣẹ́ ṣíìfù, tọ̀sán-tòru, ni Mummy mi ń ṣe, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo máa ń wà tí mo bá ti iléèwé dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbéèrè mi pọ̀ nígbà náà, òun nìkan ni kì í sú.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń ní kó tún sọ. Láyé àtijọ́, bí ọba ńlá ilẹ̀ wọn bá gorí oyè, wọ́n á yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ààfin tí kò tíì lọ́kọ, kó lọ máa sìn ní ojúbọ tó jìnnà réré. Ẹlòmíì nínú wọn ò tíì ju ọmọdé lọ. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ọba fúnra rẹ̀ á fi òòyà sí i lórí, á ní, "Má kọjú sí ìlú yìí mọ́." Ó di kó máa lọ, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló ń bá a ṣeré níbẹ̀?"

Ó ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin yí i ká, ó ń wọ ṣẹ́dà lórí ṣẹ́dà, ó ń kọ ewì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan jẹ́ èèwọ̀. Wọn kì í ní èèyàn ń sunkún. Wọ́n á ní iyọ̀ ń kán. Mo ní àwa náà kì í sọ pé ọba kú, a máa ń ní ó wàjà. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

"Ìgbà wo ló máa padà sílé?"

"Bí ọba bá kúrò lórí oyè, tàbí bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá kú."

"Ṣé tó bá fẹ́ rí ilé, àfi kí bàbá ẹ̀ kú ni?"

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Mo ti rò ó títí. Mi ò mọ àdúrà tí ọmọ náà máa ń gbà."

Lásìkò yẹn gan-an, àwọn òbí mi ń múra àtirán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi n'Íwó, kí n lè gbọ́ Yorùbá, kí n sì ké Kùránì. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bi wọ́n pé, "Daddy, tí mo bá ń lọ, ṣé mi ò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn?"

"Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

Mo sọ ọ́. Wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn ìyá náà. Mo rò pé ìjà dé. Àṣé wọ́n jókòó gbọ́ ìtàn náà ni. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́bìnrin kan tó máa mú mi dénú bàálù di ọwọ́ mi mú. Bí a ṣe ń wọlé, bàbá mi, ẹni tí kì í pariwo, kígbe láàárín èrò: "Bojú wẹ̀yìn! Máa wò wá títí o ò fi ní rí wa mọ́!" Mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ẹrù ẹlẹ́rù, wọ́n ń juwọ́ sí mi, Mummy ń nu ojú. Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ọjọ́ yìí wá lọ.

Mo ti dàgbà kí n tó padà sí Peckham. Ìyá náà ti kó lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ń jókòó sílé yín ní Nunhead, ẹ̀ ń rí ojú ẹbí yín n'Íwó lórí fóònù, kò ná yín ní nǹkan kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń fọkàn ya ojú ìyá àgbà tí mi ò rí rí. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, wọn ò jọ ojú tí mo fọkàn yà rárá! Irú ìyàlẹ́nu yẹn ò sí mọ́, ó sì ń ṣe mí bíi kí ẹ tọ́ ọ wò.