Ìlà Tí Kọ̀ǹpútà Fà Yí Ọkàn Bàbá Làmídì Ká

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ mí, kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná.

Iṣẹ́ igbá fínfín ni Bàbá Làmídì ń ṣe ní Ọ̀yọ́, kí jẹjẹrẹ tó dá wọn dúró. Oògùn tí wọ́n ń gbà ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ ó lè ba ọkàn jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá sílé ìwòsàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń ya àwòrán ọkàn, fún àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ oògùn tó ń tàn la ó gún, ẹ̀jẹ̀ á máa tàn nínú kámẹ́rà wa. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà yí yàrá ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sára ká, á sì ṣírò ìdá tó ń tì jáde nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá pé àádọ́ta, oògùn dúró nìyẹn.

Ti Bàbá jẹ́ méjìlélógójì.

Dókítà Kúnlé, ọmọ àná tó ń rìn bí ẹni tó bí ilé ìwòsàn, ti yọ bírò láti dá oògùn dúró. Mo ní kó jẹ́ ká wo àwòrán ná.

“Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ bá a jà ni?”

Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n yí ojú kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ àwọn. Mo ṣàlàyé ohun tí ìlà náà wà fún. Wọ́n wò ó títí.

“Ìlà yìí ti ya wọ igbá kejì,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó bá fọ̀bẹ tẹ̀ lé e, ó ba igbá jẹ́ nìyẹn.”

Òótọ́ ni. Ó ti ká yàrá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ tó ń ti ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló fa iye náà wálẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo fọwọ́ fa tèmi. Mo ní kí Dókítà fa tiẹ̀ láìwo tèmi. Tèmi jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tiẹ̀ fi ẹyọ kan jù ú lọ. Mo bi í bóyá kí n pe kọ̀ǹpútà kó wá bẹ̀ ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá gba oògùn wọn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Àwọn tó wá ṣáájú mi ńkọ́?”

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn dé, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa kò ju pé ká tẹ bọ́tìnnì, ká buwọ́ lùwé. Wọ́n ní ọ̀nà jìn fáwọn aláìsàn, ká tètè dá wọn sílẹ̀. Ta ló ń wo ìlà?

Mo ṣí àwọn àyẹ̀wò àtijọ́. Ẹ̀kẹta tí mo yẹ̀ wò jẹ́ ti obìnrin aránṣọ kan ní àdúgbò Tákíè. Ìlà tirẹ̀ náà ti wọ yàrá òkè. Ọjọ́ náà gan-an la dá oògùn rẹ̀ dúró.

Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé náà kí n lè mọ ẹni tí mo máa bú. Ìbuwọ́lùwé tèmi ni.