Rẹ́gẹ̀ Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi Lọ́jọ́ Ìkórè

Èéfín púpurú ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Ìlútítun. Ìyé mi, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá, á ti mọ ẹ̀gẹ́ rírẹ ní róbótó-róbótó, á tò ó sórí pẹpẹ lókè iná, ojú gbogbo wa á máa ṣomi. Èmi ni mo máa ń ṣọ́ iná, rédíò kékeré á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ibẹ̀ ni orin náà ti bá mi. Ọkùnrin kan àti gìtá kan ṣoṣo. Kò sí ìlù, kò sí fèrè. Rẹ́gẹ̀ ni, àmọ́ ó rọra ń mì lọ bí ọkọ̀ ojú omi tí kò kánjú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ohun tó yé mi ni pé ó ń bẹ àwọn ará ilé rẹ̀: òun ń bọ̀, kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Lọ́dún tí orin náà jáde, kò sí ọmọ tí kò kọ ọ́ lọ sódò, tí kò kọ ọ́ gbálẹ̀ ilé-ìwé.

Nílé tiwa nìkan ni a kò ti gbọdọ̀ kọ ọ́ sókè. Bàbá mi ni olórí akọrin ìjọ Aládùúrà wa. Ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ ló ń ta gìtá fún wọn, títí ó fi ta rẹ́gẹ̀ sí orin ìyìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Bàbá dá a dúró lójú gbogbo ìjọ. Ó ní, "Orin ló ń ṣáájú ọ̀tẹ̀." Táyọ̀ bínú, ó gbé gìtá rẹ̀, ó gba Sàpẹ́lẹ̀ lọ. Fún odidi ọdún kan, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ìyé mi nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá iná wí: "Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi í fà á mọ́ra."

Lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, wọ́n ní kí n dá orin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo dúró nínú aṣọ funfun, mo wo ojú Bàbá, orin tó kọ́ mi sì fò lọ pátápátá. Ẹnu mi kò dúró dè mí. Rẹ́gẹ̀ ló jáde, mo ti yí i sí Yorùbá: "Mo ń bọ̀ o, ẹ má ti ilẹ̀kùn."

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ gbè é, ìyá àgbà kan sì kígbe pé, "Halelúyà! Ọmọ onínàákúnàá ló ń bọ̀ wálé yìí!" Ni gbogbo wọn bá bú sí ijó. Bàbá nìkan ni kò jó. Ó fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ṣebí ẹ̀rín ló ń rín.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ de ẹgba.

"Dìde," ni Bàbá wí. "Ta ló mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbé ní Sàpẹ́lẹ̀?"

Ìyé mi ti mọ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ wọkọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá ló gbé gìtá.

Olùkọ́ ni mí ní Òkìtìpupa báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń gbọ́ orin náà lórí fóònù, wọ́n rò pé ìgbà tiwọn ló jáde. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Àyèká tí a jọ jà, tí a kò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i, tí mo tún pa á rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló mú Bàbá dé Sàpẹ́lẹ̀; èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àyèká tó wà nítòsí yìí ni n kò tíì lè dé. Ó yẹ kí n tijú ọmọ yẹn.