Ìdákẹ́jẹ́ tí Ermelinda Béèrè

Ní abúlé wa lórí òkè, a kì í ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìbínú. Ermelinda àti Adérito, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, a máa jókòó ti iná ààrò, wọn a máa bó kasitáńyà, èso oníkarawun tí a ń sun jẹ, sínú apẹ̀rẹ̀ láìfọhùn, inú wọn a sì dùn. Nígbà tí Adérito lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Luxembourg, tẹlifóònù sọ wọ́n di àjèjì síra wọn. Ìyá á béèrè bóyá ó ti jẹun, ọmọ á béèrè bóyá òtútù ń mú ìyá, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ìdí nìyí tí Ermelinda fi lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ nígbà tí Filipa, ọ̀dọ́mọbìnrin láti yunifásítì, pe àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n wá bá òun ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí yóò bá wọn lára mu. Àwọn yòókù béèrè lẹ́tà gàdàgbà àti bọ́tìnnì ńlá. Ermelinda dákẹ́ títí Bàbá Abílio, ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà, fi bi í bóyá torí kọfí ọ̀fẹ́ ló ṣe wá. Nígbà náà ló wí pé, "Mo fẹ́ kí ojú ọmọ mi wà níwájú mi bí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ mi, láìsọ̀rọ̀."

Filipa gbọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ tó náwó sí ẹ̀rọ náà ni kò gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, Adérito yọjú lójú ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ tòun ti oúnjẹ rẹ̀, ìyá rẹ̀ mú ọ̀bẹ àti apẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ohùn kan láti inú ẹ̀rọ náà fi já lù wọ́n: ṣé kò sí ewu? Wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ náà pé arúgbó tó bá dákẹ́ ti ṣubú ni.

"Màmá, ó rò pé ẹ ti kú," ni Adérito wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sọ fún un pé ọwọ́ mi dí."

Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, oorun gbé àwọn méjèèjì lọ, oníkálukú lórí àga rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ọkọ̀ náà gun òkè wá, nọ́ọ̀sì sì bá Ermelinda wí bí ọmọdé. Filipa bẹ ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n yọ ohùn ọ̀hún. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn àgbàlagbà ló ń ra ẹ̀rọ, ohùn yẹn gan-an ni wọ́n sì ń rà.

"Màmá, ẹ ṣáà máa wí nǹkan," ni Adérito sọ.

"Kí ni kí n wí?"

Ó wá di ọjọ́ ìsinmi nìkan, lẹ́yìn ìsìn, ni Adérito ń pè.

Nígbà tí Filipa padà wá wá àwọn àgbàlagbà fún ẹ̀rọ kejì, Ermelinda fún un ní àga, ó bu ọbẹ̀ fún un, ó dúró dè é kí ó jẹ ẹ́ tán.

"Ọmọ mi, má bi mí mọ́," ni ó wí. "Àwọn tó ń rà á ni kí o lọ bi."