Mo Lọ Wo Fíìmù Tí Kò Lóhùn ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Ládàánì kò tíì pe àsùbáà tí mo ti jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, báàgì lórí itan. Kì í ṣe ìgboyà ló jí mi. Ẹ̀rù ọ̀nà ni kò jẹ́ kí n sùn. Muyínátù, ọmọ àbúrò mi, ló ya fíìmù kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó sì ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun bẹ àgbà kan. Bàbá Ràfíù ni wọ́n ń pe àgbà náà. Àgbẹ̀ ni, òun nìkan ló sì wà nínú fíìmù ọ̀hún. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ fi hàn lókè òkun, ṣùgbọ́n Muyínátù ti ṣèlérí pé bí Bàbá bá wò ó tán tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò ní í rí i mọ́. Gbogbo làálàá ọmọ náà wá wà lẹ́nu àgbẹ̀ kan ṣoṣo.

Èmi, Bàbá Sìkírá, ló pè nítorí pé mo máa ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù lórí rédíò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lè sọ pé "onísùúrù ni olùdarí fíìmù yìí" láìrẹ́rìn-ín, ọ̀mọ̀wé ni lójú àwọn ará ilé wa.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n gbà dé Ṣakí. A kò tíì dé Ìpàpó tí awakọ̀ fi béèrè ohun tí mò ń lọ ṣe.

"Fíìmù áàtì ni mo fẹ́ lọ wò."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àlàájì?" N kò tíì dé Mẹ́kà o, Ìlọrin ni mo dé mọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ oyè?

"Fíìmù tí ẹnikẹ́ni kì í sáré nínú rẹ̀ ni."

"Ìjà ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ìyàwó méjì tó ń du ọkọ?"

"Kò sí."

Ó wò mí nínú dígí. "Ẹ má bínú o, Àlàájì. Ṣé ara yín le ṣá?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó yí fújì sókè, bóyá kí ó lè fi wò mí sàn. Fújì dùn, n kò bá a jà, àmọ́ sákárà àtijọ́ ni tèmi, èyí tí gòjé máa ń ké lábẹ́ ohùn olórin bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Olórin á kí ọ, á kí ìyá rẹ, á kí ẹni tó ta aṣọ fún ìyá rẹ, kó tó sọ pé orin lòun bá wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dúró de ìgbà tí orin yóò bẹ̀rẹ̀. Kí n tó mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Irú fíìmù tí mo fẹ́ràn náà nìyẹn. Àkọ́kọ́ tí mo wò, ìyá àgbà kan ló jókòó ti omi tí ń bẹ lórí iná. Mo sùn, mo jí, omi kò tíì hó. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí mo gbé omi ìwẹ̀ kaná, n kò lè dìde nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bàjẹ́.

Ọ̀nà ń jọ̀ wá bí èlùbọ́ inú asẹ́. Igi òrí àti igi igbá tí ń so irú dúró káàkiri nínú ọ̀dàn bí àlejò tí wọn kò mọ ara wọn. Ní Ṣakí mo ra wàrà dídín. Nílé wa, inú ọbẹ̀ la ti ń rí i. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa jẹ ẹ́ lásán bí ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ́, mo sì tún rà.

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ojú ọ̀nà yẹn ni ẹ̀rù sì ti wá di ti òótọ́. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de àwọn ajínigbé: "Alárìíwísí fíìmù ni mí," kí wọ́n lè tètè mọ̀ pé kò sówó níbẹ̀. Nǹkan kan fò jáde nínú igbó, mo sì ké pe Ọlọ́run.

"Bàbá, ewúrẹ́ ni," ni ọlọ́kadà wí.

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kó yà ni."

Ilé kan tí wọ́n ti ń fi iná yan ewé tábà kó lè gbẹ nígbà kan ni Muyínátù ti fẹ́ fi fíìmù náà hàn, nítorí pé kò ní fèrèsé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Bàbá Ràfíù jókòó níwájú pẹ̀lú agbádá. Fíìmù bẹ̀rẹ̀: Bàbá Ràfíù ń kọ ebè. Ó kọ ọ̀kan, ó kọ òmíràn. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀, ìró ọkọ́ nìkan. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi nípa ìdákẹ́jẹ́ nígbà tí ìyá kan ké láti ẹ̀yìn:

"Bàbá Ràfíù, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Tinú fíìmù kò dáhùn. Àwọn yòókù gbè é: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ní ọ̀dọ̀ tiwa, olè tàbí ọ̀tá ló ń dúró wo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Bàbá inú fíìmù ṣá ń gbẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó ń gbéra ga ni?"

"Àbí etí rẹ̀ ti di?"

Bàbá Ràfíù kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde. "Ẹ ṣé o! Ẹ kú ìjókòó!" Ọkàn gbogbo ilé balẹ̀. Ebè mìíràn bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún kí i, ó tún dìde. Ẹni tó bá pẹ́ dé, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti kí i. Bí ó ṣe ń dìde, tó ń jókòó nìyẹn, títí fíìmù fi parí. Muyínátù ti fi ọwọ́ bojú.

"Muyínátù," ni Bàbá wí, "o sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú ìlú. Ṣé ìwọ náà ò kí mi ní ọjọ́ tí ò ń yà á ni?"

"Mo kí yín, Bàbá, ẹ sì dá mi lóhùn. Mo gé e kúrò ni."

"O gé e kúrò!" Ó yíjú sí wa bí ẹni pé ìka rẹ̀ ni ọmọ náà gé. "Kò ní í lọ síbì kankan."

Gbogbo ojú bá wá sọ́dọ̀ mi. Mo pa ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ tí mo tò tì.

"Dá ohùn Bàbá padà," ni mo sọ fún Muyínátù.

"Bàbá Sìkírá! Ìdákẹ́ ni fíìmù yẹn!"

"Jẹ́ kó dákẹ́. Lẹ́yìn ebè tó kẹ́yìn, tí ojú fíìmù bá ti ṣókùnkùn, kí Bàbá wá sọ pé 'Ẹ ṣé o.'"

Bàbá Ràfíù wò mí. "Àwọn òyìnbó tí wọn ò kí mi ńkọ́?"

"Ẹ ó ti dá wọn lóhùn, Bàbá. Kí wọ́n máa wá ohun tí wọn kò sọ."

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ẹ̀rín wá yọ díẹ̀díẹ̀. "Ojú á tì wọ́n."

"Á tì wọ́n gan-an."

Muyínátù wá ohùn náà jáde nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ ṣé o" dún láti ara ògiri, ìyá ẹ̀yìn sì ní, "Ẹ̀hẹ́n!"

"Ẹ máa gbé e lọ," ni Bàbá wí.

Ọjọ́ kejì ni mo padà. N óò ṣì máa yin ìdákẹ́ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ìrìn àjò yìí ti kọ́ mi láti máa béèrè ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wọlé ní Ìsẹ́yìn, ìyàwó mi ń jọ èlùbọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba inú ìyẹ̀fun kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó bí fíìmù.

Kò gbójú sókè. "Bàbá Sìkírá, bí ẹ ò bá ní í kí mi, ẹ wá gbà á jọ̀."